Àpótí Mostela fún wíwo weasel àti stoat: ó tó owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ gbé e sí ló ṣe pàtàkì jù

Bí ẹ bá ń gbé ní Ìlú Ọba, tí koríko gíga, odi òkúta tàbí odi igi àwọn àgbẹ̀ wà nítòsí yín, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá weasel tàbí stoat ń gbé ibẹ̀, àpótí Mostela, ìyẹn àpótí pákó onípáìpù tí kámẹ́rà wà nínú rẹ̀, la máa kọ́kọ́ dárúkọ fún yín. Nínú máàkì 10, a fún un ní 8. Méjì tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdí: ó wúwo láti gbé wọ oko, kámẹ́rà tí wọ́n ń tà lọ́jà kò sì ríran dáadáa nínú rẹ̀ àfi tí ẹ bá tún ojú rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì yìí ló ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé àpótí sí ni.

Kò sí weasel, kò sí stoat nílẹ̀ Yorùbá, nítorí náà ẹ jẹ́ ká júwe wọn díẹ̀. Ẹran ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Ara wọn gùn gbọọrọ, ẹsẹ̀ wọn kúrú, ẹ̀yìn wọn pọ́n bí ilẹ̀ pupa, ikùn wọn funfun. Weasel ló kéré jù: ara akọ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20, ìrù rẹ̀ nǹkan bíi 5 tàbí 6, abo rẹ̀ kò sì wúwo ju ẹyin adìyẹ kan lọ, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 60. Stoat jù ú lọ dáadáa. Ara akọ stoat máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 27 sí 31, ìwúwo rẹ̀ ń tó gíráàmù 300, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ sì dúdú tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Weasel ń jẹ ohun tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀ lójúmọ́, eku pápá onírù kúkúrú ló sì pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Stoat ń pa eku náà, ṣùgbọ́n ó ń pa ehoro tó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mélòó kan.

Ìrísí ara wọn ló fà á tí wọ́n fi ṣòro rí. Ẹranko tó lè wọ inú ihò eku lọ pa eku kò ní ìdí láti máa rìn níta gbangba, níbi tí òwìwí, àṣá àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti lè gbé e. Abẹ́ koríko ló ń gbà, inú odi òkúta, ẹ̀gbẹ́ kòtò, ìdí odi igi. Ohun tí ẹni tó ń rìn lọ máa rí kò ju nǹkan pupa kan tó fò fìrì kọjá títì lọ. Kámẹ́rà tí ẹ so mọ́ igi yóò fún yín ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ológbò aládùúgbò. Weasel á gba abẹ́ koríko kọjá níwájú rẹ̀, tàbí kó sáré kọjá kí kámẹ́rà tó jí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù tí Ìlú Ọba ní nípa wọn ni National Gamebag Census, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1961, ìyẹn iye tí àwọn olùṣọ́ ẹran ọdẹ pa lọ́dọọdún. Ẹ rí i pé òkú nìyẹn ń kà. Bí olùṣọ́ bá dín pàkúté kù lọ́dún kan, iye náà á lọ sílẹ̀, kódà bí ẹranko náà bá ń pọ̀ sí i nínú igbó. Ìdí nìyẹn tí ohun èlò tó ń ka alààyè, tí kò fọwọ́ kàn án, fi jọ wá lójú gan-an.

Nẹ́dálándì ni Mostela ti wá. Ìwé ìwádìí tí àwọn tó ṣe é kọ nípa rẹ̀ jáde ní 2020, àwọn olùwádìí ní Ìlú Ọba náà sì ti ń lò ó. Ọgbọ́n inú rẹ̀ rọrùn: àpótí pákó kan, páìpù kan tó gba inú rẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, wọ́n gé ojú fèrèsé sí ara páìpù náà, kámẹ́rà sì kọjú sí fèrèsé yẹn láti inú àpótí. Weasel àti stoat kì í lè rí ihò dúdú kan kí wọ́n má wọ̀ ọ́ wò, nítorí inú ihò ni oúnjẹ wọn ń gbé. Ẹranko á wọ páìpù lápá kan, á kọjá níwájú kámẹ́rà, á jáde lápá kejì, kò sí ohun tó mú un. Kì í ṣe pàkúté, kì í ṣe ẹ̀bìtì.

Ẹ lè ra èyí tí wọ́n ti kàn tán, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí káfíńtà kékeré kan kò lè ṣe nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni kí inú àpótí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, kó fẹ̀ ní 30, kó sì ga ní 25. Plywood tó wà fún ìta ni kẹ́ ẹ lò, èyí tí omi kì í tètè bàjẹ́. Bí ẹ bá lo èyí tó nípọn ní mìlímítà 18, àpótí òfìfo nìkan á tó kìlógíráàmù 9. Bí ẹ bá lo mìlímítà 12, á dín sí nǹkan bíi 6. Bí ẹ ó bá gbé méjì tàbí mẹ́ta gba inú pápá tútù kọjá, ìyàtọ̀ yẹn á hàn sí ejìká yín. Èyí tó nípọn sàn ní ibi tí màlúù wà, torí màlúù máa ń fi ara họ ohunkóhun tó bá dúró.

Páìpù omi ìdọ̀tí tí wọ́n ń tà fún àwọn púlọ́ńbà ló dára jù. Ti Ìlú Ọba máa ń jẹ́ mìlímítà 82 tàbí 110. Àwa fara mọ́ 82 bó bá jẹ́ weasel àti stoat nìkan lẹ ń wá, nítorí ó ń dí hedgehog àgbà lọ́nà, ìyẹn ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kékeré tó máa ń wọ inú páìpù 110 tó sì ń fi kòkòrò àti ìgbẹ́ kún un. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá polecat, ìbátan wọn tó tóbi jù wọ́n lọ, náà wà, ẹ lo 110. Ẹ gé páìpù náà ní sẹ̀ǹtímítà 50, kó lè yọ síta díẹ̀ lápá méjèèjì, kẹ́ ẹ gbé e gba fífẹ̀ àpótí kọjá ní ìpẹ̀kun kan. Fèrèsé tí ẹ ó gé sí i kí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, kó sì kó ìdajì yípo páìpù ní apá tó kọjú sí kámẹ́rà. Kí etí ìsàlẹ̀ fèrèsé ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀ páìpù, kí ẹranko lè rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹ fi sándìpépà ha inú rẹ̀ kó má yọ̀, nítorí dídán tí páìpù tuntun ń dán lójú iná kámẹ́rà máa ń ba àwòrán jẹ́, ẹranko kì í sì í fẹ́ ibi tó ń yọ̀. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sí i.

Nǹkan kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe, tó sì wúlò jù lọ nígbà tí ẹ bá ń wo àwòrán nílé: ẹ fi ayùn ya ìlà sára ògiri ẹ̀yìn páìpù, ọ̀kan ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ má fi pẹ́ẹ̀nì kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ yíǹkì tó dúdú lójú wa ni iná infrared kámẹ́rà, ìyẹn iná tí ojú èèyàn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, ń là kọjá, ìlà tí ẹ fà á sì pòórá nínú àwòrán òru. Ìlà tí ayùn ya ní òjìji tirẹ̀, kì í pòórá.

Ẹ lu ihò mìlímítà 6 mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ àpótí kí omi lè jò jáde. Ẹ kun inú rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú tí kì í dán, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ gbé e síta fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí òórùn ọ̀dà lọ. Ìdérí rẹ̀ kí ó yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 3 yíká, kẹ́ ẹ fi aṣọ ọlọ́dà tí wọ́n fi ń bo òrùlé bò ó. Àgádágodo kékeré kò burú. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sára ìdérí pé ìwádìí ẹranko ni, pé kò sí pàkúté nínú rẹ̀, torí a mọ àpótí tí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú fọ́ túútúú nítorí wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ fi pa ẹran ni.

Ó kan kámẹ́rà, ibẹ̀ ni owó ń lọ jù. Kámẹ́rà ẹranko tí wọ́n ń tà lọ́jà, wọ́n ṣe é kó lè rí ohun tó jìnnà ní mítà kan ààbọ̀ sí ogún. Nínú àpótí yìí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 ló wà láàárín rẹ̀ àti ẹranko. Gbogbo ohun tí ẹ máa rí á ṣú, bí ojú àgbàlagbà tó gbàgbé awò rẹ̀ sílé. Àtúnṣe rẹ̀ náà sì ni awò: ẹ ra awò ìkàwé olówó pọ́ọ́kú, +1.5 tàbí +2, ẹ yọ dígí rẹ̀ kan, ẹ gé e kéré, kẹ́ ẹ fi téèpù tàbí gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ojú kámẹ́rà. Ẹ kọ́kọ́ fi téèpù dán méjèèjì wò. Ẹ gbé ìwé ìròyìn sínú páìpù, kẹ́ ẹ ya á, kẹ́ ẹ wo èyí tí lẹ́tà rẹ̀ mọ́ gaara jù kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ pa.

Ẹ ṣọ́ra kí dígí yẹn má bo ojú kejì, ìyẹn ike fẹ́lẹ́ tó funfun bíi wàrà, tó máa ń wà lábẹ́ ojú kámẹ́rà. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti ń mọ ooru ara ẹranko tó ń kọjá, ooru yẹn kì í sì í la dígí tàbí ike líle kọjá. Àṣìṣe kan náà ni àwọn tó ń fi ike mímọ́ gaara dí fèrèsé páìpù ń ṣe, kí eku má baà wọ ibi tí kámẹ́rà wà. Èrò wọn dára, ṣùgbọ́n kámẹ́rà á sùn títí lọ, wọ́n á sì sọ pé kò sí ẹranko níbẹ̀. Bí eku bá ń yọ yín lẹ́nu, wáyà alásẹ́ onílà ńlá ni kẹ́ ẹ fi dí i, kẹ́ ẹ fi ojú sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà.

Iná rẹ̀ náà á pọ̀ jù. Iná tí wọ́n ṣe kó tàn dé ogún mítà, ẹ tàn án sí ohun tó wà ní ìdajì mítà: ẹranko á funfun báláú, ẹ ò ní rí ojú, ẹ ò ní rí ìlà ikùn. Ẹ fi téèpù aláwọ̀ ìwé bo púpọ̀ nínú àwọn iná kéékèèké náà, ẹyọ kan lé ẹyọ kan, títí irun ẹran yóò fi hàn. Bí ẹ bá ń ra kámẹ́rà tuntun, èyí tí wọ́n kọ 940 sí lára (nọ́ńbà irú iná infrared rẹ̀) ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe 850, torí 850 máa ń pọ́n rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́ nínú òkùnkùn àpótí. Ẹ tò ó sí fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí àlàfo tó wà láàárín fídíò kan sí ìkejì kúrú bó bá ṣe lè kúrú tó. Stoat pẹ̀lú ìrù rẹ̀ gùn ju fèrèsé páìpù lọ, fọ́tò ẹyọ kan lè mú ìrù nìkan tàbí àyà nìkan. Aago rẹ̀ kí ó dúró sí GMT yí ọdún po, kẹ́ ẹ má bá wọn yí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ẹ máa gbàgbé èyí tí ẹ yí àti èyí tí ẹ kò yí. Bátìrì lithium ló ń fara da òtútù. Bátìrì tí wọ́n ń ṣáájì kò ju fólítì 1.2 lọ fún ẹyọ kan, àwọn kámẹ́rà kan á sì rò pé ó ti fẹ́ tán láti ọjọ́ kìíní.

Bí gbogbo èyí bá ti tò, iṣẹ́ tó kù ni iṣẹ́ gidi: ibo lẹ ó gbé e sí?

Ẹ wá eku kẹ́ ẹ tó wá weasel. Ẹ kúnlẹ̀ nínú koríko tí ẹnikẹ́ni kò gé fún ọdún kan tàbí méjì, ẹ fi ọwọ́ ya ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí eku pápá bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí ojú ọ̀nà kéékèèké tó dán, tó fẹ̀ bí ìka méjì, tó ń yí kiri lábẹ́ koríko. Ẹ ó rí koríko tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó jọ, àti ìgbẹ́ wọn tó rí róbótó gígùn, tó ní àwọ̀ ewéko nígbà tó bá tutù. Níbi tí èyí bá wà, ó ṣeé ṣe kí weasel wà. Níbi tí kò bá sí, ẹ má fi àpótí ṣòfò, bó ti wù kí igbó náà lẹ́wà tó. Pápá tí wọ́n ń gé bí ọgbà ààfin, igbó tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tí kò ní ewéko lábẹ́, ibi tí àgùntàn ti jẹ koríko dé gbòǹgbò, gbogbo wọn ni eku pápá kì í fẹ́. Fún stoat, ẹ fi ihò ehoro kún un. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òkè tí ehoro ti gbẹ́ ihò sí, ẹ̀gbẹ́ irà, àti odi òkúta tí kò ní símẹ́ńtì irú èyí tó kún Yorkshire Dales àti Peak District ní England. Inú odi bẹ́ẹ̀, stoat lè rìn jìnnà láìyọ orí síta. Àwọn méjèèjì kì í sábà gbẹ́ ilé tiwọn. Ilé ẹran tí wọ́n pa ni wọ́n ń gbà, wọ́n á sì fi irun rẹ̀ tẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìlà. Weasel àti stoat ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan: odi igi tí wọ́n ń pè ní hedge, kòtò, odi òkúta, etí igbó. Ibi tí ìlà méjì ti pàdé ló dára jù, bíi ibi tí hedge ti kan kòtò, tàbí igun tí odi òkúta méjì ti so pọ̀. Ẹ ti àpótí wọ ìdí hedge pátápátá, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìta. Kí páìpù dojú kọ ọ̀nà tí ẹranko ń gbà, ìyẹn ni pé kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì tẹ̀lé gígùn hedge, kì í ṣe pé kí ẹnu kan kọjú sí pápá kí èkejì kọjú sí igi. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kí àpótí lè rì wọlé títí ìsàlẹ̀ páìpù fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Àpótí tó bá dúró sórí ilẹ̀ lásán, tí ẹnu páìpù rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, eku á gun un, stoat á gun un, ṣùgbọ́n weasel tó ń sáré lábẹ́ koríko á gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ to òkúta tàbí igi gbígbẹ bí apá méjì níwájú ẹnu páìpù, kó máa darí ẹranko wọlé, kẹ́ ẹ sì fa ewéko bo orí ẹnu náà láìdí i. Kí àpótí rọ̀ sí apá kan díẹ̀ kí omi má dúró nínú páìpù. Ẹ wo ilẹ̀ náà ní ojú òjò: kòtò tó gbẹ ní oṣù kẹjọ lè gbé kámẹ́rà yín lọ ní oṣù kọkànlá.

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Wíwo ẹranko báyìí kò gba ìwé àṣẹ ìjọba, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ní olówó.

Ní ti oúnjẹ ìdẹ, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láìfi nǹkan kan sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, eku igbó olójú ńlá á ti máa gba inú páìpù kọjá, òórùn ìtọ̀ wọn sì ni ìdẹ tó dára jù fún weasel. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan kún un, ẹ fi ìṣó lu agolo sàdíìnì olóròóró ní ihò kéékèèké, kẹ́ ẹ fi wáyà dè é sí ẹ̀yìn fèrèsé, kí òórùn lè jáde kí ẹnikẹ́ni má lè jẹ ẹ́. Ẹran tútù á rà, á pe ekúté ńlá àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á sì hú àpótí yín. Ẹ má fi hóró oúnjẹ ẹyẹ sí i láé. Fídíò eku á kún káàdì láàárín alẹ́ mẹ́ta, ọjọ́ tí weasel bá kọjá kò ní sí àyè mọ́.

Ohun tó ń bàjẹ́ jù nìyí. Ìgbín aláìníkarahun máa ń rìn lórí ojú kámẹ́rà, ìtọ́ rẹ̀ á gbẹ mọ́ ọn. Ẹ mú aṣọ rírọ̀ àti omi díẹ̀ lọ nígbàkígbà. Alántakùn ń ta okùn sí iwájú iná, okùn kan ṣoṣo á sì tàn bí mànàmáná la gbogbo àwòrán já. Eku lè sọ inú àpótí di ilé, kó kó ewé gbígbẹ dí fèrèsé pa. Ẹ kó o kúrò bí kò bá sí ọmọ nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá wà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìkùukùu máa ń wà lójú dígí láàárọ̀ ìgbà òtútù. Ihò ìsàlẹ̀ tó ṣí dáadáa ló ń dín in kù, àpò kékeré tó ń fa omi ń ràn án lọ́wọ́, kò sì sí ohun tó mú un kúrò pátápátá. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni kẹ́ ẹ máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá ń lọ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ yín á la ọ̀nà dé ìdí àpótí, ológbò àti olè á sì gbà á.

Kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Láti oṣù keje sí oṣù kẹwàá ló dára jù, nígbà tí àwọn ọmọ ọdún náà ti kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn tí wọ́n ń wá ilẹ̀ tiwọn. Ẹ̀bìtì tí kò peku, ó yẹ kó fi ẹyìn fẹ́lẹ́yìn: bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí eku pàápàá kò wọlé, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eku bá ń wọlé tí weasel kò tíì dé, ẹ ní sùúrù. Iye weasel ń tẹ̀lé iye eku pápá. Lọ́dún tí eku bá pọ̀, weasel lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún tí eku bá wọ́n, ibi kan náà lè dá wáí. Ẹ má sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí weasel níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé àpótí kò rí i.

Wíwo àwòrán náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lóru, àwọ̀ kò sí, gbogbo rẹ̀ á rí bí eérú, nítorí náà ẹ má kọ́kọ́ wá ìrù dúdú. Gígùn ìrù ni kẹ́ ẹ wò. Ti weasel kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀ lọ, ó rí bíi kùkùté. Ti stoat ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣóńṣó rẹ̀ sì rí bí búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìlà tí ẹ fi ayùn ya á wúlò níbí, nítorí akọ weasel ńlá àti ọmọ stoat tí ẹ bá rí ní oṣù kẹfà lè jọ ara wọn gan-an. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ara náà: lára stoat, ààlà láàárín ẹ̀yìn àti ikùn funfun tọ́ gbọnrangandan, lára weasel, ó sábà máa ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àmì pupa kékeré sì máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun. Àmì yẹn yàtọ̀ láti ara ọ̀kan sí èkejì, bí ẹ bá sì rí àwòrán tó mọ́, ẹ lè fi mọ̀ bóyá weasel kan náà ló ń padà wá. Bí ẹ bá rí i tó funfun látòkè délẹ̀, àfi ṣóńṣó ìrù rẹ̀, ní oṣù kìíní ní òkè Scotland, stoat ni. Weasel ti Ìlú Ọba kì í funfun nígbà òtútù. Ní Ireland ẹ̀wẹ̀, kò sí weasel rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń pe stoat tiwọn ní weasel.

Àwọn ohun èlò mìíràn wà. Páìpù onítàdáwà, tí ẹranko ń fi ẹsẹ̀ tẹ yíǹkì tó sì ń fi àmì sílẹ̀ lórí ìwé, kò wọ́n rárá, ẹ sì lè gbé ogún rẹ̀ sínú oko pẹ̀lú owó àpótí kan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ akọ weasel àti ẹsẹ̀ abo stoat fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ìwé náà kò sì lè sọ èyí tó jẹ́. Ó dára fún mímọ̀ bóyá ó yẹ láti gbé Mostela wá síbẹ̀.

Ẹ má ṣi àpótí yìí mú fún àpótí pàkúté, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra lójú. Pàkúté DOC 200 ti New Zealand náà ń gbé inú àpótí pákó, ihò kan náà ló sì fi ń tan stoat jẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n kó stoat lọ ní àwọn ọdún 1880 kó lè pa ehoro, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ ẹyẹ kiwi. A kò ní bá wọn jà fún pípa á níbẹ̀. Ní erékùṣù Orkney ní Scotland náà, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí stoat ní 2010, eku Orkney tí kò sí níbòmíràn ní Ìlú Ọba ló wà nínú ewu. Níbi tí stoat ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ni àpótí tiwa wà fún. Òfin náà ti yí padà: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2020, pàkúté Fenn àtijọ́ kò bófin mu mọ́ fún pípa stoat ní Ìlú Ọba, nítorí kì í tètè pa á.

Ta ni kò yẹ kó rà á? Ẹni tí àgbàlá rẹ̀ wà láàárín ìgboro tí kò ní koríko gíga, tí ológbò mẹ́ta sì ń sọdá odi lójoojúmọ́. Kámẹ́rà lásán á wúlò fún un ju èyí lọ. Ẹni tó ń gbé lẹ́bàá oko, lẹ́bàá ojú irin tí koríko bò, tàbí tó mọ àgbẹ̀ kan tó lè fún un ní igun hedge kan, kó má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àkọsílẹ̀ tí ẹ bá rí, ẹ fi ránṣẹ́ sí iRecord, ìyẹn ìkànnì tí wọ́n ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sí ní Ìlú Ọba, tàbí kẹ́ ẹ lo áàpù Mammal Mapper, pẹ̀lú fídíò náà, ọjọ́ àti ibi pàtó.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé àpótí láti oko kan sí òmíràn, ẹ yọ páìpù, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ láìlo ọṣẹ olóòórùn, ẹ gbá inú àpótí, ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ kan. Ẹ tún sìkúrù ìdérí fà le, torí ìrìn àjò máa ń tú u, kẹ́ ẹ sì dán dígí ojú kámẹ́rà wò pẹ̀lú ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.